Bí ẹ ṣe lè ṣètò aṣọ àwọn ẹ̀dá ìtàn fún eré olórin, látinú ìwé eré títí dé orí ìtàgé

Ẹ̀yin télọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè síbi eré olórin, ẹ̀yin ọmọ tíátà ní UI, ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì yín ní kẹ́ ẹ wá mójú tó aṣọ eré tọdún yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Eré olórin yàtọ̀ gan-an sí eré tí wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ yẹn máa kọrin títí èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀, á jó, á kúnlẹ̀, á dìde, á sáré wọ ẹ̀yìn lọ pààrọ̀, á tún sáré jáde, gbogbo ẹ̀ lábẹ́ iná tó ń móoru. Torí náà iṣẹ́ méjì laṣọ náà ní. Kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá mọ irú ẹni tó jáde kí onítọ̀hún tó lanu, kí aṣọ náà má sì dí orin àti ijó lọ́wọ́. Aṣọ tó bá ṣe ọ̀kan tí kò ṣe ìkejì kò tíì di aṣọ eré, bó ti wù kó rẹwà tó.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká ní eré tí wọ́n gbé fún yín dá lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, obìnrin ọlọ́rọ̀ tó lóko, tó lẹ́rú, tó ń ta ìbọn fáwọn jagunjagun, tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, wá yọ nípò lọ́dún 1874, ọdún yẹn náà ni wọ́n pa á. Ère ẹ̀ wà ní ráńdábáòtù Challenge, kò sẹ́ni tó ń gbabẹ̀ kọjá tí kò mọ orúkọ ẹ̀. Òun la máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí a ó fi parí.

Ẹ má tíì lọ sọ́jà

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti fún èèyàn lówó aṣọ báyìí, ẹsẹ̀ á ti gbé e dé Gbági kó tó ka ìwé eré tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé eré náà lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn, láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ wá tún un kà pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa fa ìlà sí gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ aṣọ, ojú ọjọ́, ẹ̀jẹ̀, omi, ìjà, ẹni tó gbé nǹkan lórí, ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gba àwọn orin náà sórí fóònù yín, kẹ́ ẹ máa gbọ́ wọn títí wọ́n á fi mọ́ yín lára, torí orin ló máa sọ fún yín bóyá aṣọ náà máa wúwo tàbí á fúyẹ́. Orin arò tí Ẹfúnṣetán máa fi sunkún ọmọ ẹ̀ tó kú sórí ìkúnlẹ̀ kò lè gba aṣọ kan náà pẹ̀lú orin tí yóò fi ṣe fáàrí láàárín ọjà.

Ẹ wá ra káádíbọọ̀dù ńlá kan, ẹ fa ìlà sí i. Ìran kìíní, ìran kejì, títí dé òpin, kẹ́ ẹ kọ wọ́n sókè, kí orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ẹ kọ ohun tí onítọ̀hún wọ̀, bóyá ó kọrin, bóyá ó jó, bóyá ó ní máìkì lára, àti ìṣẹ́jú mélòó ló ní láàárín ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó tún máa jáde. Àpótí ìṣẹ́jú yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ẹ máa rí i níwájú. Ẹ lẹ káádíbọọ̀dù náà mọ́ ara ògiri níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má ká a pamọ́, gbogbo ìjíròrò látòní lọ ibẹ̀ la ó ti máa wò ó.

Fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín: ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé olówó ni àbí tálákà, ta ló ń bẹ̀rù, kí ló ń fẹ́, kí ló yí padà lára ẹ̀ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin? Tẹ́ ẹ ò bá lè dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ padà lọ ka ìwé, torí ibẹ̀ gan-an laṣọ ti máa ṣiṣẹ́.

Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó kù

Dárẹ́kítọ̀, ẹni tó ń kọ́ wọn níjó, ẹni tó ń kọ́ wọn lórin, ẹni tó ń tan iná, ẹni tó ń kun ìtàgé. Ẹ rí i pé ẹ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó yàwòrán kankan. Ẹ bi oníjó bóyá wọ́n máa gbé ara wọn sókè, bóyá wọ́n máa yí lórí ilẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń kun ìtàgé irú àwọ̀ tó máa fi kun ògiri, torí tó bá fi àwọ̀ amọ̀ kun gbogbo ilé tẹ́yin náà sì wọ àwọn elégbè ní àwọ̀ amọ̀, wọ́n á parẹ́ sínú ògiri ni.

Ibẹ̀ náà lẹ ti máa fẹnu kò lórí ìgbà tí eré náà wáyé. Ṣé 1874 gan-an lẹ fẹ́ kí èèyàn rí, àbí ẹ fẹ́ kó dà bí òde òní? Méjèèjì dáa, ohun tí kò dáa ni kí ìdajì wà níbìí kí ìdajì wà lọ́hùn-ún láìsí ìdí. Tó bá jẹ́ 1874, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ nípa aṣọ tó wà nígbà náà. Léèsì kò sí níbẹ̀, àwọn ọdún 1960 síwájú ni léèsì láti Austria tó gbilẹ̀ láàárín wa. Ankara tá a mọ̀ lónìí náà kò tíì dé, òpin ọ̀rúndún yẹn làwọn ará Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹ̀ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gèlè ségò tó le gbandi gbandi, ti ìgbà tiwa ni. Àdìrẹ Ìbàdàndùn tí gbogbo wa fẹ́ràn, àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà nínú ẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n sì ṣí Mápó, Ẹfúnṣetán ti kú láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kí Mápó tó dé. Ẹ wò ó, ará Ìbàdàn ló máa jókòó wo eré yìí, àwọn àgbà á wà níbẹ̀, wọ́n á rí i.

Ohun tó wà nígbà yẹn pọ̀ dáadáa, ó sì rẹwà ju gbogbo ìyẹn lọ lójú tèmi. Sányán aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń fi òwú inú ìtẹ́ kòkòrò igbó hun. Ẹtù, dúdú aláró tí fúnfun tín-ín-rín gba inú ẹ̀ kọjá. Àlàárì pupa rúsúrúsú, tí òwú ẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ wá láti apá Tìrípólì. Kíjìpá táwọn obìnrin ń hun nílé, tó nípọn, tó lágbára. Àrán fáwọn olówó. Aṣọ tí wọ́n fi ẹlú rẹ láró. Iyùn àti sẹ̀gi lọ́rùn, gbérí ọdẹ tó kún fún oògùn lára àwọn ológun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí, ẹ lọ sí National Museum of Unity ní Aléṣinlóyè, ẹ tún lọ sí National Archives, ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nínú UI, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí fọ́tò àtijọ́. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn ìyá àgbà sọ̀rọ̀ nílé, ẹ ní kí wọ́n róṣọ níwájú yín bí ìyá tiwọn ṣe ń ró o. Ìdè ìró nìkan, ó yàtọ̀ láàárín ọlọ́jà àti ìyá àfin, fọ́tò kì í fi ìyẹn hàn.

Àwọ̀ àti àwòrán

Ẹ pín àwọn èèyàn inú eré sí ìdí ìdí, kẹ́ ẹ fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀. Nínú eré tiwa yìí màá fún Ẹfúnṣetán nìkan ní àlàárì. Ẹnikẹ́ni míì kò gbọdọ̀ wọ pupa títí dé òpin eré, kódà gèlè. Tó bá jáde láàárín èèyàn ogún, ojú á lọ bá a fúnra ẹ̀. Ààrẹ Látòósà àtàwọn ìjòyè ẹ̀ á wọ ẹtù, dúdú tó ní ìlà, kí wọ́n dúró bí ògiri kan tí wọ́n bá kóra jọ. Àwọn ọlọ́jà á wọ aró, láti búlúù tó ti ṣá dé èyí tó dúdú kirimù. Àwọn ẹrú á wọ kíjìpá tí wọn ò rẹ láró rárá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn ẹrú yìí. Nínú eré púpọ̀ wọ́n á kàn gé àpò ọ̀rá tàbí aṣọ gbígbó kan náà fún gbogbo wọn, wọ́n á ní ẹrú ṣáà ni. Rárá o. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ìlú tí wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí aṣọ wọn jẹ́ oríṣi kan, àmọ́ kí ọ̀kan di tiẹ̀ mọ́ àyà, kí ọ̀kan rán ibi tó ya pẹ̀lú òwú aró, kí ọ̀kan ní ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo lọ́rùn tó mú wá láti ilé bàbá ẹ̀. Tí wọ́n bá wá kọrin pọ̀, èèyàn tó ń wò á rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iná máa yí àwọ̀ padà, ẹ fi sọ́kàn. Iná búlúù á sọ aṣọ pupa di dúdú. Iná pupa á sọ aṣọ ewéko di dúdú, iná ewéko á ṣe bẹ́ẹ̀ fún pupa. Fúnfun báláú á máa dán sójú débi pé ojú èèyàn á ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí náà ẹ fi tíì rẹ fúnfun náà kó pọ́n díẹ̀. Tí wọ́n bá wá fẹ́ fi iná búlúù ṣe òru ọjọ́ tí wọ́n pa Ẹfúnṣetán, àlàárì ẹ̀ á dúdú mọ́ ọn lára. Ẹ lè fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń tan iná kó fi iná olómi-ọsàn díẹ̀ kún un láti ẹ̀gbẹ́, kó má jẹ́ alẹ́ ọjọ́ eré lẹ máa rí i.

Ẹ wá yàwòrán. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ mọ àwòrán yà bí oníṣẹ́ ọnà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìrísí ara: báwo ni èjìká ṣe fẹ̀ tó, báwo ni orí ṣe ga tó, ibo ni aṣọ dé lẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yà wọ́n tán, ẹ fi bírò dúdú kun inú gbogbo wọn látòkè délẹ̀, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ jìnnà sí i. Tẹ́ ẹ bá lè sọ pé Ààrẹ nìyí, Ìyálóde nìyí, ẹrúbìnrin nìyí nínú òjìji lásán, ẹ ti ṣe é. Bí àwọn méjì bá jọra, ẹ yí ọ̀kan padà: ẹ mú fìlà kan ga, ẹ gé agbádá kan kúrú. Àwọn ọnà wínníwínní tẹ́ ẹ máa fi ẹ̀gbẹ̀rún abẹ́rẹ́ ṣe sí àyà bùbá, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ní Wole Soyinka Theatre kò ní rí i, owó àti ojú yín lẹ ń fi ṣòfò. Ọnà tó tóbi, tó ṣe kedere, ìyẹn ló máa dé ẹ̀yìn. Ẹ fi pínnì kan àgékù aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ lò mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan kí dárẹ́kítọ̀ fọwọ́ kàn án, kó buwọ́ lù ú.

Mẹ́ṣọ̀

Ẹ gba mẹ́ṣọ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan, kò gbọdọ̀ wà lórí bébà jákujàku. Obìnrin ni kó gba ti obìnrin níbi tí aṣọ ti bò, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, ọ̀wọ̀ wọn ni. Yàtọ̀ sí mẹ́ṣọ̀ tí gbogbo télọ̀ mọ̀, ẹ gba ti ìgbáàyà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ gbà á nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ wá ní kó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọrin gígùn, kẹ́ ẹ tún un gbà. Èyí tó tóbi yẹn lẹ máa rán. Bákan náà, ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kẹ́ ẹ wọn láti ìbàdí dé abẹ́ abíyá, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wọn ẹ̀yìn. Ẹ bi wọ́n bóyá nǹkan kan máa ń yún wọn lára, aṣọ òfì líle máa ń bó àwọn míì lára.

Nígbà yẹn kan náà ni kẹ́ ẹ ti fún wọn láṣọ ìdánrawò. Ìró àtijọ́, agbádá àtijọ́ láti òkírìkà tàbí látilé, kí wọ́n máa fi ṣe rìhásà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó jẹ́ pé jíìnsì ló ń wọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé agbádá sórí èjìká, ara ẹ̀ ló máa kọ́ ọ, èyí sì ń gba àkókò.

Owó àti ọjà

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ wá mú owó jáde. Ẹ yọ ìdámẹ́wàá ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ọ̀sẹ̀ eré ló máa lò ó. Nínú èyí tó kù, ẹ ná ìdá tó pọ̀ jù sára àwọn tó máa pẹ́ jù lórí ìtàgé. Ìró àti bùbá obìnrin kan máa ń gba bíi yáàdì márùn-ún, agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò máa ń gba bíi mẹ́wàá. Ẹ ṣe ìsirò yẹn sórí ìwé fún gbogbo elégbè kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, kẹ́ ẹ fi yáàdì díẹ̀ lé e fún ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀.

Aṣọ tẹ́ ẹ máa rẹ, tẹ́ ẹ máa gé, láínìn, gọ́ọ̀mùsitéè, gbogbo ìyẹn wà ní Gbági, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, ẹ ra gbogbo ti ìdí kan lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, torí aṣọ tí wọ́n ní àwọ̀ ẹ̀ bára mu ní ṣọ́ọ̀bù méjì kì í bára mu lábẹ́ iná. Ẹ gé àgékù, ẹ gbé e síta lójú oòrùn, ẹ wò ó. Fún aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ ẹ lọ sí Òjé, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè gan-an, torí kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ má fi ìkánjú bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹtù tẹ́ ẹ gbé kọ́ yìí, ṣé ẹ lè jẹ́ n gbé e wò?"

"Gbé e, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Eré orí ìtàgé ni, Màmá. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ á jó."

"Á jó kẹ̀? Èyí á pa á. Wá wo ti ìsàlẹ̀ yìí, òwú ẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọ̀ kan náà ni."

Ẹ rí i, tẹ́ ẹ bá sọ iṣẹ́ tí aṣọ náà máa ṣe fún wọn, àwọn fúnra wọn ló máa tọ́ yín sọ́nà. Aṣọ òfì àtijọ́ wúwo, ó móoru, kò dáa fún ẹni tó máa jó orin mẹ́ta léra. Ẹ fi òjúlówó sára ẹni tó kàn jókòó lórí àga tó ń pàṣẹ, kẹ́ ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára oníjó. Ohun kan wà tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn lé lórí: ẹ má yá sányán ìyá àgbà ẹnikẹ́ni fún eré. Òógùn àti àtíkè ojú á wọ inú ẹ̀, kò sì sí owó tẹ́ ẹ lè san padà tó máa mú un bọ̀ sípò.

Rírán

Ẹ rán an kó lè gba ijó. Ẹ gé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi sí abẹ́ abíyá bùbá kọ̀ọ̀kan, kí apá lè gòkè láìfa gbogbo ẹ̀wù dání. Ẹ rán gbogbo ojú ìránṣọ lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá ìdí ṣòkòtò. Ẹ fi ínṣì kan àbọ̀ sílẹ̀ nínú, ẹ má gé e dànù, torí ó lè jẹ́ ẹlòmíì tó sanra ló máa wọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìró oníjó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ró o lórí ìtàgé, ẹ fi rọ́bà sí ìbàdí ẹ̀, ẹ rán ìpẹ̀kun ẹ̀ mọ́ ara wọn dé ibi itan, kó wá là sílẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, kó dà bí èyí tí wọ́n ró ṣùgbọ́n kó má lè já. Kó fi bí ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin jìnnà sílẹ̀. Ẹ fi láínìn tí wọ́n fi òwú hun sínú aṣọ òfì, kẹ́ ẹ tún fún gbogbo wọn ní síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á wọ̀ sábẹ́ ẹ̀ láti fa òógùn, méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Máìkì ńkọ́? Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ara ni, ẹ rán àpò sí ìbàdí lẹ́yìn, nínú, kẹ́ ẹ lu ihò bọ́tìnnì kan lókè tí wáyà á gbà gòkè lọ sí orí. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé àpótí máìkì náà kí òógùn má bà á jẹ́. Ẹ bá ẹni tó ń mójú tó ohùn sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ẹnu máìkì máa wà, torí gèlè tó bo etí á máa họ ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu ara wọn lọ́rùn á sì wọ inú gbogbo orin.

Lórí ìlẹ̀kẹ̀ náà. Iyùn òjúlówó wọ́n, ó sì wúwo, ẹ lo èyí tí wọ́n fi ike ṣe, ojú kò ní mọ̀ ọ́n látọ̀ọ́kán. Okùn ìpẹja ni kẹ́ ẹ fi sín in, kẹ́ ẹ ta kókó láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti ìkejì. Ìdí ẹ̀ ni pé tó bá já nígbà ijó, ọ̀kan péré ló máa bọ́. Tí kò bá sí kókó gbogbo ẹ̀ á fọ́n ká sórí ìtàgé, oníjó tó bá tẹ̀ ẹ́ á ṣubú. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kan ìpele ìsàlẹ̀ mọ́ àyà bùbá kó má máa fò. Kó má sì fún ọ̀fun, ibẹ̀ lorin ti ń jáde.

Fìlà, kó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí iná òkè má fi òjìji bo ojú. Gèlè, ẹ di í sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ rán an kó di ọ́tò gèlè, aṣọ òkè tó rọ̀ lẹ máa lò. Ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà yẹn kì í wọ bàtà, ṣùgbọ́n ìṣó lè wà lórí pákó ìtàgé. Ẹ ní kí ṣúmékà bá yín lẹ rọ́bà fẹ́lẹ́ sábẹ́ bàtà kánfáàsì aláwọ̀ ara.

Bí aṣọ ṣe máa ròyìn ìṣubú ẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹfúnṣetán bẹ̀rẹ̀ eré bí ẹni tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, ó parí ẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ á fẹ́ rán aṣọ mẹ́fà fún un. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa wọ̀ ọ́ láṣọ tó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ìró méjì léra, bùbá, ìpèlé, ìborùn, gèlè gíga, iyùn dé àyà, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, kí n wá máa bọ́ ọ kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹ̀ kú, ìborùn ló máa bọ́ sílẹ̀ kò sì ní gbé e mọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ àwọn ẹrú, ìpèlé ti lọ, aṣọ ti fún mọ́ ọn lára, ó ti rí bí ẹni tó fẹ́ jà. Ọjọ́ tí Ààrẹ yọ ọ́ nípò, ẹlòmíì ló máa wá ṣí iyùn lọ́rùn ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, orin á dákẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa kọ orin tó gbẹ̀yìn, irun ẹ̀ nìkan ló kù lórí àti ìró àlàárì kan ṣoṣo. Ẹ ò sanwó aṣọ tuntun kankan, ẹ ò sì ní wàhálà ìpààrọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ti fojú rí gbogbo ohun tó pàdánù.

Fáwọn tó bá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kíákíá, ẹ padà sí káádíbọọ̀dù yín, ẹ wo àpótí ìṣẹ́jú. Ẹni tí ìṣẹ́jú kan péré bá wà fún, ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ kejì sábẹ́ tàkọ́kọ́. Ẹ fi bọ́tìnnì alátẹ̀ rọ́pò okùn, Velcro, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, ń dún púpọ̀ tó bá ń ya, tí orin bá rọlẹ̀ gbogbo gbọ̀ngàn á gbọ́ ọ. Ẹ yan ẹni méjì ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa ṣe é pọ̀ pẹ̀lú aago fóònù títí ọwọ́ wọn á fi mọ́ ọn nínú òkùnkùn.

Sísọ tuntun di ògbólógbòó

Aṣọ ẹrú tó ń dán bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gbági dé máa ba gbogbo eré jẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra, ẹ rẹ ẹ́ sínú tíì dúdú tó ti hó, ẹ sá a lóòrùn. Ẹ fi sáńpépà ha orúnkún, ìgbọ̀nwọ́, ìdí, àti etí aṣọ nísàlẹ̀, torí ibi tí èèyàn ń lò ló máa ń gbó, ẹ má kàn máa fa gbogbo ẹ̀ ya káàkiri. Ẹ dánwò lórí àgékù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ gan-an.

Ìdánwò àti alẹ́ eré

Ó kéré tán kí wọ́n wọ aṣọ tán ṣe gbogbo eré lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ tó pé, pẹ̀lú iná, pẹ̀lú máìkì. Kẹ́yin jókòó sẹ́yìn pátápátá nígbà kìíní, kẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ìtàgé nígbà kejì. Ẹ mú ìwé dání. Tẹ́ ẹ bá rí akọrin tó ń fọwọ́ fa ọrùn ẹ̀wù, ẹ má dúró kó tó sọ fún yín, àwọn míì ò ní sọ, wọ́n á kàn máa fara dà á, ohùn ló máa sanwó ẹ̀. Ẹ bá a tú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní alẹ́ eré, ẹ kó àpò kan dání: abẹ́rẹ́ tí òwú ti wà nínú ẹ̀, pínnì, sísọ́ọ̀sì, rọ́bà, bọ́tìnnì, téèpù, àtíkè, aṣọ ìnura. Ẹ lọ gbogbo aṣọ láàárọ̀, ẹ má fi dalẹ́ torí iná lè lọ, ẹ ní áyọ́ọ̀nù eléèédú nítòsí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ibi ìkọ́ṣọ tó ní orúkọ ẹ̀, kí wọ́n ka aṣọ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n tún kà á tí wọ́n bá bọ́ ọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ lálaalẹ́. Aṣọ òfì ò ṣe é fọ̀ lójoojúmọ́, ẹ yí inú ẹ̀ síta kẹ́ ẹ fi vodka tẹ́ ẹ pò mọ́ omi fọ́n abẹ́ abíyá, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń tọ́jú aṣọ eré níbi púpọ̀ ṣe máa ń pa òórùn, kẹ́ ẹ wá gbé e kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Tí eré bá parí, ẹ dá ohun tẹ́ ẹ yá padà lọ́sẹ̀ yẹn, ní fífọ̀. Ẹtù, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ torí aró ẹ̀ lè ṣí, ẹ má fún un, ẹ sá a lábẹ́ ibòji. Kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó ká a. Ẹ fi káńfọ̀ sínú bébà, kó má kan aṣọ gan-an, ẹ kó ti ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan sí àpò ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ lẹ àwòrán àti mẹ́ṣọ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ́ ara àpò náà, kí ẹni tó bá máa tún eré náà gbé lọ sí Cultural Centre Mókọ́lá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ láìtú u.